Ẹ tẹ̀ lé omi: bí a ṣe ń kọ́ ọmọ nípa ará òkè àti ará etíkun Filipínì

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti máa ń wọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ ni pé aṣọ ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Á gbé àwòrán ọkùnrin oníbàǹtẹ́ jáde, á ní ará òkè nìyí. Á gbé àwòrán ọkọ̀ onígbòkun aláwọ̀ mèremère jáde, á ní ará etíkun nìyí. Ọmọ á há a sórí, á yege, kò sì ní lè sọ ìdí kan ṣoṣo tí ìgbé ayé àwọn méjèèjì fi yàtọ̀. Omi ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: ibi tó ti ń ṣẹ̀, ibi tó ń gbà, ibi tó ń dúró sí, ẹni tó ń pín in. Ọmọ tó bá lè tọ ipa omi láti orí òkè dé òkun yóò bá ilé, oúnjẹ, òfin àti ìsìn pàdé lójú ọ̀nà.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìlọrin, Ọ̀ffà, Àjàṣẹ́-Ìpo, Òmù-Àrán àti agbègbè wọn la kọ èyí fún. Ó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin, ogójì ìṣẹ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ mẹ́ta tí amọ̀ yóò fi gbẹ láàárín ti àkọ́kọ́ àti ìkejì. Bí ọmọ bá ju ogójì lọ ní kíláàsì, ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́rin, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀ lórí máàpù kan náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n mọ máàpù mẹ́rin. Amọ̀ á wọ́n, àkókò á sì lọ.

Ohun tó yẹ kó wà lórí yín kí ẹ tó wọ kíláàsì

Erékùsù 7,641 ni Filipínì, gẹ́gẹ́ bí iye tí ilé-iṣẹ́ máàpù ìjọba wọn gbé jáde ní 2016. Bí ìwé tí ẹ ń lò bá ṣì ń sọ 7,107, iye àtijọ́ ni. Wọ́n máa ń pín in sí mẹ́ta: Luzon lókè, Visayas láàárín, Mindanao nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ erékùsù náà ló ní òkè láàárín àti ilẹ̀ pẹlẹbẹ tóóró létí òkun, nítorí náà ará òkè àti ará etíkun kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Gíga ilẹ̀ ló ń yà wọ́n, kì í ṣe jíjìn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ọmọ Ìlọrin tó mọ̀ pé ó tó ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà láti ilé òun dé òkun Èkó yóò rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni níbẹ̀.

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń pín ọdún wọn. Amihan ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn àríwá, láti nǹkan bí Nọ̀fẹ́ńbà sí Máàṣì. Habagat ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn gúúsù, láti Júùnù sí Sẹ̀tẹ́ńbà. Kò sí ohun tó dùn ún kọ́ ọmọ Kwara tó èyí, nítorí afẹ́fẹ́ méjèèjì ní ẹgbẹ́ nílé wa: ọyẹ́ láti ìlà-oòrùn àríwá, afẹ́fẹ́ òjò láti ìwọ̀-oòrùn gúúsù. Ẹ bi wọ́n léèrè: kí ló dé tí ọyẹ́ fi ń gbẹ ètè wa, tí amihan sì ń rọ òjò sí apá ìlà-oòrùn Filipínì? Ọyẹ́ gba orí aṣálẹ̀ Sàhárà wá, amihan gba orí òkun Pàsífíìkì wá. Ibi kan náà ni wọ́n kọjú sí, ohun tí wọ́n rù ló yàtọ̀. Bí ọmọ bá ti rí èyí dì mú, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Mímọ máàpù alámọ̀

Apá àríwá Luzon ni kí ẹ mọ, torí ibẹ̀ ni òkè àti òkun ti fara kanra jù. Ohun tí ẹ nílò: pákó plywood kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 60, tó gùn ní 75, amọ̀ tó kún rọ́bà péńtì onílítà mẹ́rin kan, yanrìn kíkúnná lítà kan, ìwé ìròyìn àtijọ́ bí ọgbọ̀n ewé, stáàṣì gbígbóná, òwú, ọ̀dà búlúù, aláwọ̀ ewé àti pupa-ilẹ̀. Ní Ìlọrin, ẹ bá àwọn amọ̀kòkò Dàda ní Òkèlele sọ̀rọ̀ fún amọ̀. Amọ̀ tí wọ́n ti gún, tí wọ́n ti ṣa òkúta kúrò nínú rẹ̀ ni kí ẹ bèèrè. Amọ̀ etí odò tí ẹ wà fúnra yín kún fún gbòǹgbò, ibi tí gbòǹgbò bá sì wà ni yóò ti la.

Ìwọ̀n tí a ń lò: sẹ̀ntímítà kan lórí pákó jẹ́ kìlómítà 5 lórí ilẹ̀, ní ti gíga, sẹ̀ntímítà kan jẹ́ mítà 500. Ilẹ̀ náà yóò gba nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 45 ní ìbú àti 58 ní òró. Ìlà ìsàlẹ̀ máàpù ni ìlà ìbú 16 àríwá, ìlà òsì ni ìlà òró 120.3 ìlà-oòrùn. Láti igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, ẹ fi rúlà wọn àwọn ibi wọ̀nyí, ẹ kan ìṣó kékeré síbẹ̀:

Òkè Pulag: 13 sí ọ̀tún, 13 sókè. Gíga rẹ̀ lé ní mítà 2,900, nítorí náà kí ìṣó náà yọ ní sẹ̀ntímítà bíi 6.
Baguio: 6 sí ọ̀tún, 9 sókè, gíga sẹ̀ntímítà 3.
Banaue, ní ilẹ̀ àwọn Ifugao, ìran kan tó ń gbé orí òkè: 16 sí ọ̀tún, 20 sókè, gíga sẹ̀ntímítà 2 ààbọ̀.
Vigan: 2 sí ọ̀tún, 35 sókè, etí òkun ni.
Aparri, níbi tí odò Cagayan ti ń wọ òkun: 28 sí ọ̀tún, 52 sókè.
Dagupan, ní Pangasinan: 1 sí ọ̀tún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìlà ìsàlẹ̀ gan-an.

Àwọn ìṣó yìí ló ń gba iṣẹ́ là. Láìsí wọn, ọmọ kan á mọ òkè sí ibi tó wù ú, gbogbo ohun tí ẹ bá sọ lẹ́yìn náà á di irọ́. Ẹ fún ìwé ìròyìn mọ́ra, ẹ fi òwú dì í, ẹ fi stáàṣì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó gẹ́gẹ́ bí egungun òkè: Cordillera tó fẹ̀ lápá òsì, Sierra Madre tó tínrín lápá ọ̀tún, tí gíga rẹ̀ kò ju sẹ̀ntímítà 2 sí 3 lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Àárín wọn ni àfonífojì odò Cagayan, odò tó gùn jù ní Filipínì. Amọ̀ ni kí ẹ wá fi bo egungun náà, kó má nípọn ju sẹ̀ntímítà kan lọ níbikíbi.

Ohun tó sábà ń bàjẹ́ níhìn-ín ni amọ̀ líla. Ìdí mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ìkíní, amọ̀ tó nípọn: òde rẹ̀ á gbẹ kí inú tó gbẹ, òde á sún kì, inú kò ní sún. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ìwé ṣe egungun. Ìkejì, amọ̀ láìní yanrìn: ẹ po ìwọ̀n amọ̀ mẹ́rin mọ́ yanrìn kan. Ìkẹta, oòrùn: abẹ́ òrùlé ni kó ti gbẹ, ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi àpò tí ẹ ta omi sí bò ó lóru àkọ́kọ́. Bó bá la náà, ẹ po amọ̀ rírọ̀ mọ́ ìwé tí ẹ ti rẹ tí ẹ sì ti gún, ẹ fi dí i. Ẹ má ṣe bínú sí líla náà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ rí i dáadáa, torí a óò padà sórí rẹ̀.

Nígbà tó bá gbẹ, ẹ kun ún, kí ẹ sì sọ òtítọ́ fún àwọn ọmọ pé ìlọ́po mẹ́wàá la fi gbé òkè náà ga ju bó ṣe rí lọ. Bí a bá lo ìwọ̀n kan náà fún ìbú àti gíga, Pulag kò ní ju mìlímítà 6 lọ. Lẹ́yìn náà ẹ fi èyí kún un: Ìlọrin wà ní nǹkan bíi mítà 300 sókè òkun, nítorí náà lórí máàpù yìí mìlímítà 6 péré ni ìlú wa yóò ga. Ẹ ká pálí gígùn mìlímítà 6, ẹ kọ ÌLỌRIN sí i, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Pulag. Ojú ọmọ á là.

Ibi méjì kò sí lórí pákó yìí, a sì nílò wọn. Àwọn erékùsù Batanes: ẹ gbé àga kan sí iwájú pákó, ní nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 40 sí òkè Luzon. Erékùsù Jolo ní Sulu: ẹ wọn mítà 2 àti sẹ̀ntímítà 20 láti ìsàlẹ̀ pákó, ẹ gbé àga kejì síbẹ̀. Ó lè bọ́ sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá ní láti rìn kó tó dé Sulu kò tún ní pe gbogbo Filipínì ní ẹnu kan.

Àkùrọ̀ tó gun òkè

Ará Kwara mọ àkùrọ̀. Ìrẹsì Pátégi àti Ṣóńgà, ìsàlẹ̀ odò ni wọ́n ti ń gbìn ín, níbi tí omi ti ń dúró fúnra rẹ̀. Àwọn Ifugao fẹ́ jẹ ìrẹsì kan náà ní ibi tí ilẹ̀ dà bí ògiri, tí omi kì í dúró. Àkùrọ̀ ni wọ́n gbé gun òkè. Wọ́n gé òkè ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn, wọ́n fi òkúta tàbí amọ̀ mọ ògiri sí etí ìpele kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì da omi sí i bí adágún. UNESCO kọ márùn-ún nínú àwọn oko náà sínú ìwé ogún àgbáyé ní 1995: Batad, Bangaan, Mayoyao, Hungduan àti Nagacadan. Ní 2001 wọ́n fi wọ́n sára àwọn tó wà nínú ewu, wọ́n sì yọ wọ́n kúrò níbẹ̀ ní 2012.

Kí ọmọ má kàn wo àwòrán, ẹ ṣe ìdánwò yìí. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì, ẹ là wọ́n sí méjì-méjì ní òró; mẹ́ta la ó lò. Ẹ da ilẹ̀ tí ẹ ti po mọ́ ìdámẹ́ta amọ̀ sínú wọn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù onísẹ̀ntímítà 15 gbé orí ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè, kí ẹ gé ihò kékeré sí ìdí rẹ̀, kí ẹ gbé ìgò tó mọ́ gaara síbẹ̀. Àkọ́kọ́: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lásán. Ìkejì: àtẹ̀gùn mẹ́rin, pẹ̀lú etí tó yọ ní sẹ̀ntímítà kan àti ojú ọ̀nà tóóró tí omi yóò gbà bọ́ sí ìpele tó tẹ̀ lé e. Ìkẹta: àtẹ̀gùn kan náà, ṣùgbọ́n kí koríko tí ẹ ká pẹ̀lú gbòǹgbò bo ìdámẹ́ta òkè rẹ̀.

Agolo tòmátò tí ẹ fi ìṣó lu ogún ihò sí ìdí rẹ̀ ni òjò yín. Ẹ fi da lítà 2 omi sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ máa gbé e káàkiri. Bí ẹ bá dúró lójú kan, ibẹ̀ á di kòtò, ìdánwò á bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹrẹ̀ inú ìgò rọ̀ sísàlẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ọmọ fi rúlà wọn ún. Àkọ́kọ́ ló ń ní ẹrẹ̀ jù. Omi ìkẹta ló ń mọ́ jù, òun náà ló sì ń pẹ́ jù kó tó dáwọ́ dúró. Bí gbogbo omi bá rì láìjáde, yanrìn ti pọ̀ jù nínú ilẹ̀ yín. Ẹ fi amọ̀ kún un.

Koríko òkè yẹn ni àwọn Ifugao ń pè ní *muyong*: igbó tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú lókè oko rẹ̀. Igbó ló ń mu òjò, tó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìsun, ìsun wọ ojú àgbàrá, àgbàrá wọ ìpele àkọ́kọ́, ìpele àkọ́kọ́ tú sí ìkejì. Ẹni tó bá gé igbó rẹ̀ tán, oko aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀ ló pa. Níhìn-ín ni kí ẹ ti dúró pẹ̀lú àwọn ọmọ, kí ẹ bi wọ́n: irú òfin wo ló máa jáde látinú èyí? Ẹ má tètè dáhùn fún wọn. Wọn á sọ pé a kò gbọ́dọ̀ dí omi mọ́ ẹlòmíràn, pé a gbọ́dọ̀ jọ tún ojú àgbàrá ṣe, pé a gbọ́dọ̀ gbìn lásìkò kan náà kí eku àti ẹyẹ má bàa rí oúnjẹ jẹ láti oko dé oko lóṣooṣù. Gbogbo rẹ̀ ni àwọn Ifugao ní. Láìní ọba, wọ́n ní àṣà tó le lórí omi àti ilẹ̀, wọ́n sì ní oko kan ládùúgbò tí gbogbo ènìyàn ń wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìgbìn. Ìrẹsì ìbílẹ̀ wọn, *tinawon*, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni. Òtútù òkè kò jẹ́ kó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà náà ni kí ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì kejì sínú oòrùn fún ọjọ́ méjì. Yóò la gẹ́gẹ́ bí máàpù wa ti là. Ẹ tún da lítà 2 sí i: omi á wọ inú ibi tó là, etí àtẹ̀gùn á wó. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí oko tí ọmọ bíbí ibẹ̀ fi sílẹ̀ lọ wá iṣẹ́ ní ìlú ńlá nìyẹn. Omi tó wà lórí oko náà kì í ṣe ti ìrẹsì nìkan, òun ló di ògiri mú. Ekòló ńláńlá àti ìgbín oníwúrà, ìgbín tí wọ́n kó wọ orílẹ̀-èdè náà ní àwọn ọdún 1980, tún ń dá kún ìyọnu wọn: ekòló ń lu ihò sí ògiri, ìgbín ń jẹ ọ̀mùnú ìrẹsì.

Ilé wọn ń tẹ̀ lé èyí. Òpó mẹ́rin ló gbé e dúró, òpó kọ̀ọ̀kan sì ní àwo igi róbótó lọ́rùn tí eku kò lè gùn kọjá. Ìrẹsì wà ní àjà, iná ìdáná wà lábẹ́ rẹ̀, èéfín ń lé kòkòrò. Ọmọ tó bá ti rí àká àti àjà ìyá àgbà rẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀. Orin náà ń tẹ̀ lé e: *hudhud*, ìtàn gígùn tí wọ́n ń kọ nígbà ìgbìn, nígbà ìkórè àti nílé òkú, tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ogún aráyé.

Níbi tí omi kò lè dé lórí òkè kan náà, ànàmọ́ ni wọ́n ń gbìn. Ará Ọ̀ffà á rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀yìn tí àwọn Sípéènì dé ni ànàmọ́ dé ibẹ̀ láti Amẹ́ríkà, ó sì gbilẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kò gba ìrẹsì.

Etíkun kì í ṣe ibì kan

Àṣìṣe tó pọ̀ jù ní apá yìí ni kí olùkọ́ máa sọ "ará etíkun" bí ẹni pé ìran kan ni wọ́n. Ẹ mú méjì, kí ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí àga méjì yẹn.

Àwọn Ivatan ní Batanes, ojú ọ̀nà ìjì ni wọ́n ń gbé. Nǹkan bí ogún ìjì táífúùnù ló ń wọ àyíká Filipínì lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì gba apá àríwá. Nítorí náà ilé Ivatan jẹ́ òkúta àti ẹfun, ògiri rẹ̀ nípọn gan-an, òrùlé rẹ̀ jẹ́ koríko tí wọ́n tò nípọn-nípọn, wọ́n a sì fi okùn de òrùlé mọ́lẹ̀ nígbà ìjì. Ògiri tó kọjú sí ibi tí ìjì ti ń wá kì í ní fèrèsé. Oko wọn pẹ̀lú: ohun tó bá ga sókè, ìjì á gé e. Ohun tó wà nínú ilẹ̀ ni wọ́n fọkàn tẹ̀, ànàmọ́, kókò àti *uvi*. *Uvi* yìí, ewùrà wa ni, irú iṣu kan náà gan-an, agbègbè Éṣíà níbẹ̀ ló sì ti ṣẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ mú ewùrà kan dání wọ kíláàsì lọ́jọ́ náà. Bí ọmọ bá fọwọ́ kàn án, kò ní gbàgbé.

Àwọn Sama Dilaut ní Sulu àti Tawi-Tawi, apá gúúsù tí ìjì ńlá kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Òkun wọn rọlẹ̀, òkìtì iyùn abẹ́ omi sì ń dá ìgbì dúró. Nítorí náà wọ́n lè gbé orí omi: nínú ọkọ̀ *lepa* láyé àtijọ́, nínú ilé orí òpó nísinsìnyí. Bí ará Batanes bá kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, kò ní rí i lọ́jọ́ kejì. Ilẹ̀ iyùn kì í mu omi ró, ìrẹsì kò ṣe é gbìn, omi mímu gan-an ṣọ̀wọ́n. Gbágùúdá ni wọ́n gbára lé. Wọ́n ń rin ín, wọ́n ń fún omi rẹ̀, wọ́n ń sè é lóoru tàbí kí wọ́n yan án gbẹ nínú agbada. Ẹ bi kíláàsì pé kí ni a ń pe èyí nílé wa. Ariwo "gàrí!" á gba gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Ewéko òkun tí wọ́n ń so mọ́ okùn nínú omi tí kò jìn ló sì ń mú owó wọlé fún ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀.

Orúkọ fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. *Tausug*, tí wọ́n jọ ń gbé Sulu, ni ènìyàn ìṣàn omi òkun. *Maranao* ni ará adágún. *Pangasinan* ni ibi iyọ̀. *Barangay*, tí í ṣe àdúgbò tó kéré jù nínú ìjọba Filipínì lónìí, orúkọ ọkọ̀ ojú omi ni, *balangay*: ẹrù ọkọ̀ kan ni ìdílé kan. Ọmọ Ìlọrin tó mọ̀ pé *ìlọ irin* ni orúkọ ìlú òun, nítorí òkúta tí wọ́n ń lọ irin lára rẹ̀, yóò rí i pé ilẹ̀ wọ inú orúkọ níbi gbogbo.

Ẹ má fo ti Tacloban, ìlú etíkun kan ní Visayas. Ní ọjọ́ 8 Nọ̀fẹ́ńbà 2013, ìjì Haiyan, tí wọ́n ń pè ní Yolanda nílé, kọ lu Visayas, ó sì pa ju ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ènìyàn lọ. Omi òkun tí afẹ́fẹ́ tì wọ ìlú ló pa ọ̀pọ̀ wọn. Ìkìlọ̀ ti jáde ṣáájú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi pe omi náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀ pé òkun ni yóò wọlé bá wọn. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé ẹ̀kọ́ yìí ná, kí ẹ tó fún wọn ní ọ̀rọ̀ ìdánwò.

Ọ̀nà tó so òkè mọ́ òkun

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kẹta, ẹ pín kíláàsì sí ọ̀nà méjì. Apá kan ní iyọ̀ nínú ọ̀rá kéékèèké ogún àti ẹja gbígbẹ mẹ́wàá. Apá kejì ní ìrẹsì agolo mẹ́wàá àti bébà aláwọ̀ ìyeyè márùn-ún tí ẹ pè ní wúrà. Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀, kí ẹ sì sọ pé ẹni tí kò bá ní iyọ̀ nígbà tí agogo bá lù ti pàdánù. Ẹ ó rí i bí ará òkè yóò ti máa gbé wúrà jáde fún iyọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí gan-an: àwọn Ibaloi ní Benguet ń kó wúrà sọ̀kalẹ̀ sí Pangasinan, wọ́n ń ru iyọ̀ padà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ rò pé ará òkè wà lọ́tọ̀ bí ẹni tí ayé gbàgbé.

Ìsìn gba ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà. Sípéènì fìdí kalẹ̀ ní Cebu ní 1565, wọ́n gba Manila ní 1571. Ibi tí ọkọ̀ wọn lè dé àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì ti kọ́kọ́ gbilẹ̀. Orí Cordillera bọ́ lọ́wọ́ wọn fún bí ọ̀rúndún mẹ́ta. Ìsìlámù ti gba òkun dé Sulu ṣáájú wọn. Mọ́sálásí Sheikh Karimul Makhdum ní Simunul, erékùsù kan ní Tawi-Tawi, 1380 ni wọ́n ń ka ìdásílẹ̀ rẹ̀ sí. Ti Ìlọrin gba orí ilẹ̀, lójú ọ̀nà àwọn oníṣòwò àti àwọn àfáà. Ìbéèrè dáadáa fún SS2 ni: kí ló jọ láàárín èbúté àti ìlú ojú ọ̀nà òwò?

Ibi tí ilẹ̀ kò lè dáhùn

Bí ẹ bá dúró síbi tí a dé yìí, ọmọ á lọ pẹ̀lú irọ́ kan: pé òkè ló ń pàṣẹ, ènìyàn kàn ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ fi àpẹẹrẹ méjì já a. Àwọn Bontoc àti àwọn Ifugao múlé ti ara wọn lórí Cordillera kan náà, àwọn méjèèjì ń gbin ìrẹsì lórí àtẹ̀gùn. Síbẹ̀ ilé Ifugao fọ́n káàkiri láàárín oko, Bontoc sì kó ilé jọ sójú kan, wọ́n pín in sí àdúgbò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi ìpàdé àwọn àgbà, tí wọ́n ń pè ní *ato*. Àpẹẹrẹ kejì ni ọjọ́ orí oko náà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ń sọ pé ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Àwọn awalẹ̀pìtàn tó ṣiṣẹ́ ní Kiyyangan àtijọ́, ní ilẹ̀ Ifugao, rí ẹ̀rí pé kókò ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé ìrẹsì inú omi gbilẹ̀ lẹ́yìn tí Sípéènì ti dé pẹ̀tẹ́lẹ̀. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òkè nìkan ló bí oko yẹn, ogun àti ìsáàsálà wà nínú rẹ̀. Ìgbómìnà tó ní ìtàn pé àwọn baba ńlá rẹ̀ gun òkè nígbà ogun mọ ohun tí à ń sọ.

Ọ̀rọ̀ ẹnu pẹ̀lú ṣe pàtàkì. *Igorot*, orúkọ àpapọ̀ àwọn ará Cordillera, ni àwọn kan ti fi bú wọn rí. Púpọ̀ nínú wọn ń fi yangàn lónìí, àwọn mìíràn kò fẹ́ ẹ. Ẹ lo orúkọ ìran kọ̀ọ̀kan: Ifugao, Bontoc, Kankanaey, Ibaloi, Kalinga. Bákan náà, ẹ sọ Sama Dilaut dípò *Badjao*. Ọmọ tí wọ́n bá pè ní "ará oko" rí ní ìgboro Ìlọrin yóò yé e kíákíá.

Iṣẹ́ ilé

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú odò tàbí ìsun kan ní ìlú rẹ̀. Ti Ìlọrin lè mú Àsà. Kó lọ bá àgbà kan, kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ kí i, kó sì bèèrè ohun mẹ́rin: ta ni ń kọ́kọ́ pọn omi níbí, kí ni a kò gbọ́dọ̀ ṣe nínú rẹ̀, kí ni a ń gbìn sí etí rẹ̀ tí a kì í gbìn sókè, ọdún wo ló gbẹ tàbí tó kún jù. Kó kọ ohun tí àgbà sọ ní ọ̀rọ̀ àgbà gan-an, kó má tún un ṣe.

Nígbà tí ẹ bá ń máàkì, ẹni tó kọ pé "wọ́n ń gbin ìrẹsì lórí òkè" gba ẹyọ máàkì kan. Ẹni tó kọ pé igbó mu òjò, òjò di ìsun, ìsun wọ oko, nítorí náà ẹni tó wà lókè kò gbọ́dọ̀ gé igbó, gba márùn-ún. Ẹni tó bá wá fi kún un pé ní ìlú tòun, ẹni tó wà lókè odò ni kì í jẹ́ kí wọ́n fọ aṣọ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, nítorí àwọn tó ń pọn mu nísàlẹ̀, ẹ fún un ní mẹ́wàá, kí ẹ sì kà á sókè fún kíláàsì. Ẹ rán wọn lọ sí etí odò náà ní Fẹ́búárì, ẹ tún rán wọn ní Sẹ̀tẹ́ńbà. Ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan kò tíì rí odò náà.